Àṣẹ Ìwọlé sí Àká Ìsọfúnni: Ta ni Ó Yẹ kí A Fún ní Kọ́kọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àká ìsọfúnni ni, ìyẹn ibi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, máàkì ìdánwò àti àkọsílẹ̀ owó pamọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà láyé òde òní. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ẹni tí kì í ṣe alákòóso àká náà, ṣé ó yẹ kí a jẹ́ kí ó wọ ibẹ̀? Bí ó bá sì yẹ, báwo ni a ó ṣe fún un láyè tí kò fi ní di ẹjọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí àká èsì ìdánwò, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páswọ́ọ̀dù. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìṣe rẹ̀ ni pé kò gbà kí ẹlòmíràn ní ọ̀nà tirẹ̀ láti wọlé. Bí ẹ̀ka èyíkéyìí bá fẹ́ tún máàkì kan ṣoṣo ṣe, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọn yóò lọ tò sí. Ó wá di ọjọ́ kan, òkú ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí a ó gbé èsì ìdánwò lọ síwájú ìgbìmọ̀ àgbà kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ mọ́. Kí ni kí ó ṣe? Ó pe ọ̀gá ẹ̀ka kan lórí fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí i létí. Ọ̀gá náà kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ni ó ti lò ó, orúkọ alákòóso ni gbogbo wọn sì fi ń wọlé, orúkọ tí ẹ̀rọ náà mọ̀ sí root.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, àtẹ èsì ìdánwò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ojú ìwé kan tí ń jẹ́ phpMyAdmin ni wọ́n fi ń wọ àká náà. Lórí ojú ìwé yìí, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ àtẹ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tò tẹ̀lé ara wọn báyìí: Browse, Structure, Search, Insert, Empty, Drop. Ohun tí àwa rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan fẹ́ fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a gbàgbé kún àtẹ náà. Insert ni ó yẹ kí ó tẹ̀. Empty ni ó tẹ̀, ó rò pé ìlà òfìfo ni ẹ̀rọ yóò gbé wá kí òun kọ nǹkan sí i. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ Empty níbẹ̀ ni pé kí a da gbogbo ohun tí ó wà nínú àtẹ náà nù.

Olúkúlùkù ní òun kọ́. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wà, orúkọ kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀: root. Akọ̀wé kékeré kan tí àga rẹ̀ súnmọ́ kọ̀ǹpútà náà jù lọ ni ẹjọ́ rọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta láìgba owó. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà, mo sì fọwọ́ sí i. Títí di òní, n kò lè búra pé ọmọ náà ni ó ṣe é. Ohun tí ó mú mi gba ìpè àwọn olóòtú ètò yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ náà ti rí. Ibi tí ìsọfúnni gan-an ń gbé ni ètò kan tí à ń pè ní MySQL. Ọdún 1995 ni ó jáde ní ilẹ̀ Swídìnì. Michael Widenius, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì, wà lára àwọn tí ó ṣe é. Orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, My, ni ó sì fi ṣáájú orúkọ ètò náà. Nígbà tí ó tún dá èyí tí ó jọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2009, MariaDB ni ó pè é, nítorí pé ọmọbìnrin rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ Maria. Àwa nìkan kọ́ ni a ń fi orúkọ ọmọ pe iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ti phpMyAdmin, Tobias Ratschiller ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1998, kí ènìyàn lè máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wo inú MySQL, kí ó sì máa fi títẹ̀ ṣe ohun tí ì bá fi àṣẹ gígùn kọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé phpMyAdmin fúnra rẹ̀ kò ní ìwé orúkọ òǹlò kankan. Ìlẹ̀kùn lásán ni. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ bá kọ sí ojú rẹ̀, MySQL ni ó ń gbé e lọ bá, MySQL ni yóò sì sọ bóyá kí ẹ wọlé tàbí kí ẹ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé òun fẹ́ fún Lágbájá láyè láti lo phpMyAdmin, ohun tí ó ń wí ní tòótọ́ ni pé òun fẹ́ dá orúkọ sílẹ̀ fún Lágbájá nínú MySQL, kí òun sì kọ ohun tí Lágbájá lè ṣe àti ibi tí ó ti lè ṣe é. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa wá bọ́tìnì tí kò sí.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn náà ní bí a ti ń fi í sára ògiri. Nínú fáìlì ètò rẹ̀, config.inc.php, ọ̀nà kan wà tí a ń kọ ní cookie: ẹ̀rọ yóò máa béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Òmíràn wà tí a ń kọ ní config: orúkọ kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ti wà nínú fáìlì náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti dé ojú ìwé náà ti wọlé nìyẹn, ẹ̀rọ kò ní bi í pé ìwọ ta ni. Èyí kò burú fún ẹni tí ó ń dá kọ́ iṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn kò lè dé. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Nínú fáìlì yìí kan náà, a lè sọ AllowRoot di false, kí root má lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́ rárá. Bí ó bá ṣe tèmi ni, ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Ìmọ̀ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1975, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder, kọ̀wé lórí ààbò ìsọfúnni nínú kọ̀ǹpútà. Lára ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù ní ìwọ̀n àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè, kí ó má sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Patricia Griffiths àti Bradford Wade ti ilé-iṣẹ́ IBM ṣàlàyé bí a ṣe lè máa pín àṣẹ, kí a sì máa gbà á padà, nínú àká ìsọfúnni kan tí wọ́n pè ní System R. Ọ̀rọ̀ méjì tí a ń lò fún un títí di òní ni GRANT, tí í ṣe fífúnni, àti REVOKE, tí í ṣe gbígbà padà.

Irú ètò báyìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀. Bí àlejò bá tọrọ ilẹ̀ oko, ẹbí onílẹ̀ lè fi apá kan hàn án, wọn yóò sì fi ààlà hàn án. Wọ́n lè ní kí ó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbin kòkó tàbí obì, nítorí pé ohun tí ó bá ti di igi máa ń mú ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ wá. Kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ gé e fún àlejò mìíràn láìjẹ́ pé onílẹ̀ mọ̀ sí i. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé a rẹ àlejò náà sílẹ̀. Ó ń jẹ oko rẹ̀, onílẹ̀ sì ni ó ni ilẹ̀.

Bí a bá wá gbé e wọ inú MySQL, SELECT ni pé kí ènìyàn rí ohun tí ó wà níbẹ̀. INSERT, kí ó fi ìlà tuntun kún un. UPDATE, kí ó tún èyí tí ó wà ṣe. DELETE, kí ó pa ìlà rẹ́. DROP, kí ó wó àtẹ náà palẹ̀. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí yìí. Empty tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, TRUNCATE ni ó jẹ́ ní èdè MySQL, MySQL kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó bá ní àṣẹ DROP lórí àtẹ náà. Ẹni tí a fún ní SELECT, INSERT àti UPDATE nìkan, bí ó bá tẹ Empty nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ yóò kọ̀ fún un. Ká ní ẹni òru ọjọ́ náà ní orúkọ tirẹ̀ àti àṣẹ mẹ́ta yìí, máàkì ẹnikẹ́ni kì bá tí sọnù. Ká tilẹ̀ ní ó ní àṣẹ DROP, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi wọlé, akọ̀wé wa kì bá tí jókòó sílé.

Àṣẹ kan wà tí mo bẹ̀rù ju DROP lọ. Òun ni GRANT OPTION, èyí tí ń jẹ́ kí ẹni tí a fún láṣẹ lè fi í fún ẹlòmíràn. Nínú System R, bí a bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó pín in, àwọn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà á yóò pàdánù tiwọn pẹ̀lú. PostgreSQL, tí í ṣe àká mìíràn tí ó gbajúmọ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá fi ọ̀rọ̀ CASCADE sọ ọ́ ní pàtó. Ti MySQL yàtọ̀: ẹ lè gba àṣẹ lọ́wọ́ Àjàyí, kí Òjó tí Àjàyí fún ṣì wà nínú oko kí ó máa kọ ebè lọ, láìjẹ́ pé ẹ rántí rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe alákòóso ní àṣẹ yìí.

Ẹ wá jẹ́ kí a fojú inú wo kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Òṣìṣẹ́ ìdánwò ní láti rí gbogbo èsì, kí ó sì kọ èyí tí ó dé. Àṣẹ mẹ́ta tí mo kà yẹn tó o. Olùkọ́ ní láti tún máàkì ṣe, ṣùgbọ́n kí ni ó fẹ́ fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ṣe? MySQL gbà kí a fi UPDATE mọ sí òpó kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ pé òpó máàkì nìkan ni ọwọ́ olùkọ́ yóò tó. Ní ti ìlà, kí olùkọ́ Ìtàn má baà rí ti Ìṣirò, MySQL kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. A ní láti gé fèrèsé kékeré, tí wọ́n ń pè ní view, kí a sì fún olùkọ́ láṣẹ lórí fèrèsé náà dípò odindi àtẹ. PostgreSQL ti ní ààlà ìlà láti ọdún 2016. Bí àwọn olùkọ́ bá sì pọ̀, a lè kó àṣẹ jọ sábẹ́ orúkọ ipò kan, kí a sì fi ènìyàn sínú ipò náà tàbí kí a yọ ọ́. MySQL ti ń ṣe èyí láti ọdún 2018, nígbà tí ẹ̀dà 8.0 jáde.

Ìkìlọ̀ méjì kí n tó kúrò níbẹ̀. Ètò phpMyAdmin lè fi àká tí kò kan òǹlò pamọ́ fún un kí ó má rí i ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Aṣọ ìbòjú ni ìyẹn, kì í ṣe ògiri. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ yóò fi ọ̀rọ̀ SQL dé ibẹ̀. Èkejì, orúkọ òǹlò nínú MySQL ní apá méjì: ẹni tí ó jẹ́, àti ibi tí ó ti ń wá. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá kọ localhost sí apá kejì, olùkọ́ kò ní lè ti ilé rẹ̀ wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí phpMyAdmin àti MySQL bá jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, lójú MySQL, phpMyAdmin ni àlejò, localhost ni ó sì ti ń wá, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn tàbí London ni olùkọ́ náà jókòó sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò gbàgbé yín. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ yìí láìfi ọwọ́ bà á, mo sì ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi bí iṣẹ́ náà ti rí yàwòrán sójú pátákó fún odindi ọdún kan nítorí ìbẹ̀rù. Bí alákòóso bá ń dá orúkọ sílẹ̀ nínú phpMyAdmin, ojú ìwé náà fún un láyè láti dá àká kan tí ó ń jẹ́ orúkọ òǹlò náà, kí ó sì fún un ní gbogbo àṣẹ lórí rẹ̀, níbẹ̀ nìkan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lé síbẹ̀, kí ó wó o, kí ó tún un kọ́. Kí ó tilẹ̀ tẹ Empty kí ó rí i bí ó ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò fún ẹ̀kọ́ má jẹ́ èyí tí èsì ìdánwò wà lórí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn alákòóso yóò wí. Wọn yóò ní bí a bá ń ṣílẹ̀kùn fún tolórí tẹlẹ́mù, àká yóò di ọjà. Wọn yóò sì pa á lówe pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, ẹni tí ó ní òun kò ní lanu ni ó ka ọ̀rọ̀ aṣínà lórí fóònù. Iṣẹ́ kì í dúró de ẹni tí kò sí nílé. Bí a kò bá fún àwọn tí iṣẹ́ kàn ní ẹnu ọ̀nà kékeré, wọn yóò gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, a kò sì ní mọ iye wọn.

Àwọn ọ̀gá àgbà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn kà á sí àbùkù pé kí àṣẹ àwọn nínú ẹ̀rọ kéré sí ti ọ̀dọ́mọdé tí ó ń bójú tó o. Ọba ni ó ni ìlú, síbẹ̀ kì í so kọ́kọ́rọ́ àká gbogbo ará ìlú mọ́dìí. SELECT tó ọ̀gá àgbà. Kí n má sì fi nǹkan pa mọ́, èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ pàápàá kò nílò phpMyAdmin. Àgbẹ̀dẹ ni ibẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ́ kò ní láti wọlé lọ di ẹmú mú. Fọ́ọ̀mù kékeré kan tí yóò gba máàkì tí yóò sì kọ̀ bí ó bá ju 100 lọ yóò wúlò fún wọn jù. Àwọn díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn wà nínú àgbẹ̀dẹ gan-an ni kí a fún ní ohun tí mo ti ń kà bọ̀ yìí.

Òfin pàápàá ti dá sí i. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, béèrè pé kí ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìsọfúnni nípa ènìyàn dáàbò bò ó. Bí ó bá sọnù tàbí tí ó bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ, ní ọ̀nà tí ó lè pa ẹni tí ó ni ín lára, a gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ létí láàárín wákàtí 72. Wọn yóò béèrè ẹni tí ó wọlé. Ẹni tí ó bá dáhùn pé root, kò tíì dáhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbígbà padà, èyí tí a máa ń gbàgbé jù. Olùkọ́ fẹ̀yìn tì, akọ̀wé rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, a ṣe ayẹyẹ fún wọn, a ya fọ́tò, orúkọ wọn sì wà nínú àká fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí ìwé tí òṣìṣẹ́ ń gbé káàkiri fún ìbuwọ́lù kí ó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlà kan fún alákòóso àká, bí ó ti ní ti ilé-ìkàwé.

Akọ̀wé wa padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí ó dé, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú sì tì mí. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi sọ fún wọn kí n ní orúkọ tèmi nínú ẹ̀rọ yẹn?” Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, alákòóso ti dá a fún un: SELECT àti INSERT, lórí àtẹ kan ṣoṣo. Orúkọ náà ni ó lò títí ó fi rí iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ọ̀sán ọjọ́ tí ó dágbére fún wa ni a pa á rẹ́.